Àpèkọ Tí Kò Dúró De Akọ̀wé

Kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin olùkàwé wa, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, tí kò mọ ohun tí a ń pè ní àpèkọ. Olùkọ́ a dúró níwájú kíláàsì, a mú ìwé lọ́wọ́, a sì máa pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ a tẹ orí ba, wọn a sì máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá yára jù, a ó gbọ́ ohùn kékeré kan láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ dúró ná, sà!" Olùkọ́ tí ó gbọ́n a dúró. Èyí tí kò gbọ́n a máa bá tirẹ̀ lọ, nígbà tí ó bá sì gba ìwé àwọn ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, a bínú pé wọ́n fo ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2003, ní ìlú wa Ìlá-Ọ̀ràngún, a rí i pé ẹ̀rọ pẹ̀lú a máa pe àpèkọ, àti pé àwa tí a ti ń bá àwọn ọmọ wí fún ọdún púpọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ fún yín.

Àbúrò bàbá wa kan wà tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Olùkọ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n sì ń padà bọ̀ ní ọdún 1985, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan dání, irú èyí tí a ń pè ní BBC Micro. Ilé iṣẹ́ Acorn ní ìlú Cambridge ni ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ní òpin ọdún 1981, ní àkókò tí BBC ń fẹ́ kí àwọn ará Britain mọ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ náà ni ó sì lò ó. Gbogbo àyè ìrántí inú rẹ̀ kò ju ti lẹ́tà 32,768 lọ. Kò ní ojú ti ara rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni a ń so mọ́ ọn kí a tó lè rí ohun tí ó kọ. Bàbá Olùkọ́ sì tún ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, irú èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ kéékèèké gún ríbọ́ọ̀nù mọ́ ìwé, tí ariwo rẹ̀ sì dà bí ti kòkòrò nínú pákó.

Ní ọjọ́ ogbó wọn, Bàbá Olùkọ́ fi ẹ̀rọ yìí kọ ìwé orúkọ ìdílé wa. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n sì kọ ẹni tí ó bí ẹni sílẹ̀, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ àwọn tí ó wà ní Ìlá, àwọn tí ó wà ní Òkè-Ìlá àti Òrà, àwọn tí ó ti di ará Èkó, àti àwọn tí ó lọ ṣòwò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé títí òfin ìjọba Ghana ti oṣù kọkànlá ọdún 1969 fi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà wálé. Bàbá Olùkọ́ sùn ní ọdún 2001. Wọn kò tíì tẹ ìwé náà sórí bébà. Inú díìsìkì kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ọdún 2003 ń bọ̀, àwọn àgbà ilé ránṣẹ́ sí wa pé a ó ṣe ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ kejì ọdún náà, wọ́n sì fẹ́ kí a ka ìwé orúkọ náà sí etí gbogbo ènìyàn, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé ni a gbé e lé lọ́wọ́." Nítorí náà a wálé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọyẹ́ mú gidigidi ní ọdún náà. Eruku bo àwọn òkè Ìgbómìnà débi pé a kò rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. A nu ẹ̀rọ náà, a fi ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan tan án, ó sì jí.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a sọ bí irú kọ̀ǹpútà yìí ti ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ihò róbótó kan wà tí a kọ RS423 sí lára, wáyà márùn-ún ni ó sì ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn lẹ́tà kì í rọ́ jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò tí ń jáde nínú ilé ìjọsìn. A máa ń pín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àmì kéékèèké mẹ́jọ, àwọn àmì náà a sì tọ ara wọn lẹ́yìn lórí wáyà kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ ti ń tọ ara wọn lẹ́yìn ní ọ̀nà oko. Àmì kan a ṣáájú láti kéde pé lẹ́tà ń bọ̀, àmì kan a sì kẹ́yìn láti sọ pé ó ti parí. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Nínú wáyà márùn-ún náà, ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, ọ̀kan sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì ní àpapọ̀. Méjì tí ó kù kì í gbé lẹ́tà kankan. Ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé, "Èmi ti ṣe tán." Èkejì ni ó fi ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ pé, "Ó yá, máa wí," tàbí, "Dúró ná." Bí kò bá gbọ́ "Ó yá," kì yóò sọ ohunkóhun. Èyí ìkẹyìn yìí ni a ó máa pè ní wáyà ìyọ̀ǹda. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà wa dúró lé.

Ní ọjọ́ kìíní, a pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó tẹ̀wé, kò sì fọhùn. Ẹnu wáyà náà jẹ́ èyí tí a lè kì bọ inú ihò ní ọ̀nà méjì, nítorí náà a yí i padà, ṣùgbọ́n pàbó ni. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ rédíò kan ní ọjà. Ó fi mítà rẹ̀ yẹ wáyà náà wò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì sọ fún wa pé ọ̀kan ti já nínú rọ́bà, níbi tí ojú kò lè rí i. Wáyà ìyọ̀ǹda ni. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀la kí òun lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ dáradára.

Àwa kò ní sùúrù. A ti kà nínú ìwé kan pé bí a bá fi wáyà kékeré kan so ẹsẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé "Èmi ti ṣe tán" mọ́ ẹsẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ "Ó yá," ẹ̀rọ náà yóò máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ léèrè, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Lójú kan náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A pàtẹ́wọ́, inú wa sì dùn pé a gbọ́n ju oníṣẹ́ rédíò lọ.

Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Láti ìlà karùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí iyán kún ẹnu rẹ̀: lẹ́tà kan níhìn-ín, lẹ́tà kan lọ́hùn-ún, láìní ìtumọ̀. A rò pé ríbọ́ọ̀nù ni. A rò pé eruku ọyẹ́ ni. A tilẹ̀ bẹ̀rù pé díìsìkì ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlà mẹ́rin náà kò yẹ̀. Àrùn tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà kì í ṣe èèṣì. Ó ní ìdí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Kọ̀ǹpútà náà ń rán àmì 9600 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níwọ̀n bí àmì mẹ́wàá ti jẹ́ lẹ́tà kan, lẹ́tà 960 ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tẹ̀ ju lẹ́tà 80 lọ ní àkókò kan náà. Ó ní àmù kékeré kan nínú tí ó ń kó àwọn lẹ́tà tí kò tíì tẹ̀ sí, àmù náà kò sì gbà ju lẹ́tà 256 lọ. Bí ẹnì kan bá ń da omi 960 sínú àmù, tí ẹlòmíràn sì ń bu 80, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Kí a tó ṣẹ́jú, àmù ti kún. Lẹ́tà bí 60 ni ó wà nínú ìlà wa kan; ìdí nìyí tí ìlà mẹ́rin fi dára. Gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ni ó dà sí.

Nígbà tí a mọ èyí, a rò pé ìwòsàn rẹ̀ kò le. A tẹ àṣẹ *FX8,3, èyí tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó dín eré rẹ̀ kù sí àmì 300, ìyẹn lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà lọ́ra ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. Ojú ìwé 6 jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ọwọ́ ni a fi ń ki bébà bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìmọ́lẹ̀ àtùpà, nítorí a fẹ́ fi agbára ẹ̀rọ amúnáwá sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. A di àwọn ojú ìwé náà pọ̀, a sì sùn lóorun ayọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé, àgbàlá kún. A bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àwọn ènìyàn sì ń dáhùn "Hẹ̀ẹ́n" bí wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ baba wọn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ojú ìwé kẹta, ìyá àgbà kan, tí wọ́n dàgbà jùlọ nínú àwọn ọmọbìnrin ilé wa, gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Tún ibẹ̀ kà."

A tún un kà. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin kan, ó sì parí pẹ̀lú àwọn ọmọ ọkùnrin mìíràn. Àwa ti rí ibẹ̀ nígbà tí a ń di ìwé náà, a sì rò pé àṣìṣe ọwọ́ Bàbá Olùkọ́ ni. Orúkọ baba ìyá àgbà kò sí níbẹ̀ rárá.

Baba wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ ṣòwò ní Kumasi. Ibẹ̀ ni ó kú sí kí òfin ọdún 1969 tó dé, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìyá àgbà kò pariwo. Wọ́n kàn wí jẹ́jẹ́ pé, "A kò mọ ojú ibojì rẹ̀ mọ́. Bí a kò bá tún rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, níbo ni kí n sọ pé mo ti wá?"

Ọ̀rọ̀ náà mú ìpàdé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni kíkùn bẹ̀rẹ̀. Ìjà ilẹ̀ kan ti wà láàárín ilé baba wọn àti ilé tiwa nígbà àtijọ́, àwọn kan sì ti ń wí lábẹ́lẹ̀ pé bóyá Bàbá Olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ náà ni. Òkú kò lè dìde gbèjà ara rẹ̀. Àwa pẹ̀lú kò ní èsì, nítorí a kò mọ̀. A bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ méjì.

Ní òru ọjọ́ náà, a tan kọ̀ǹpútà, a sì ṣí ìwé náà sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ baba ìyá àgbà wà níbẹ̀! Ìlà rẹ̀ pé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ. Ara tù wá, ṣùgbọ́n ojú tì wá pẹ̀lú: Bàbá Olùkọ́ kò yọ ẹnikẹ́ni, àwa ni a yọ wọ́n. A fi ojú tẹlifíṣọ̀n wé bébà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi márùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti sọnù, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí ojú ìwé kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó nù níbi kọ̀ọ̀kan, ìyókù sì lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà ni ojú wa là. Bí a ti ń ki bébà tuntun bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tẹ̀ ohunkóhun, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò dákẹ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń pààrọ̀ bébà. Lẹ́tà 30 ní ọ̀nà 20 jẹ́ 600. Àmù gba 256. 344 dà nù, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlà mẹ́fà. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kígbe ní ọ̀nà tirẹ̀ pé, "Dúró ná," ṣùgbọ́n wáyà tí ohùn rẹ̀ ìbá gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ti já, àwa sì ti fi ohùn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dí àyè náà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A rò pé ẹ̀sọ̀ ni a lò nígbà tí a dín eré kù. Ṣùgbọ́n ìlọ́ra kì í ṣe ẹ̀sọ̀. Ẹni tí ń lọ́ra ń fi ìwọ̀n ti ara rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀sọ̀ ń wo ojú ẹni tí ó ń gbọ́.

Ní òwúrọ̀, a padà sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ rédíò, a sì jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá wa wí. Ó yọ wáyà kékeré wa kúrò. Ó mú wáyà tuntun, ó fi òjé yíyọ́ lẹ ìpẹ̀kun rẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ ogún nínú ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ní ẹsẹ̀ 25, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń sọ bí òun bá ṣe tán tàbí bí òun kò bá tíì ṣe tán; ó sì lẹ ìpẹ̀kun kejì mọ́ ẹsẹ̀ ìyọ̀ǹda ti kọ̀ǹpútà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A dé ilé, a dá eré kọ̀ǹpútà padà sí 9600, èyí tí ó ti bà wá jẹ́ ní ọjọ́ kìíní, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Nígbà tí bébà kìíní parí, a mọ̀ọ́mọ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn. A mu omi. A ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà dúró jẹ́jẹ́, kò rán lẹ́tà kan jáde. A ki bébà tuntun bọ̀ ọ́, a tẹ bọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tí ó kàn gan-an. Ìwé tí ó gba ìṣẹ́jú 10 nígbà tí a fi ipá mú un lọ́ra jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, láìka àkókò tí a fi pààrọ̀ bébà. A fi í wé ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó nù.

Nígbà tí ẹbí tún pé, a kọ́kọ́ dìde, a sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé Bàbá Olùkọ́ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ìkánjú tiwa ni ó pa orúkọ rẹ́. Lẹ́yìn náà a ka ìwé náà. Nígbà tí a dé orúkọ baba ìyá àgbà, wọn kò wí ohunkóhun. Wọ́n ní kí a gbé ìwé náà wá, kí a sì fi ìka wọn lé ibi tí orúkọ náà wà, nítorí wọn kò mọ̀wé. A ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìka wọn sí ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀, gbogbo agboolé sì dúró dè wọ́n.

Láti ìgbà náà a ti mọ̀ pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò wáyà ìyọ̀ǹda: ẹni tí ń gbọ́ a rán àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 19 padà láti sọ pé, "Dúró," a sì rán 17 láti sọ pé, "Máa bọ̀." Láti ayé àwọn ẹ̀rọ tí ń tẹ wáyà ránṣẹ́ láti ìlú sí ìlú ni ọgbọ́n yìí ti wá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí pàápàá, ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ a máa sọ fún ẹni tí ń fi í ránṣẹ́ bí àyè tí ó kù nínú àmù òun ti tó. Bí ẹ̀rọ ti lágbára tó, kò sí èyí tí ó ju kí a bi olùgbọ́ léèrè lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a ti rò pé bí a bá pe àpèkọ díẹ̀díẹ̀, a ti ṣe ojúṣe wa. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, a máa ń béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì a sì dáhùn pẹ̀lú ohùn kan pé, "Ó yé wa, sà!" Ta ni ó kọ́ wọn ní ìdáhùn náà bí kì í bá ṣe àwa? Àwa ni a fi wáyà kékeré so ìbéèrè wa mọ́ ìdáhùn wa. Ohùn ara wa ni a ń gbọ́, ọmọ tí ó ń pààrọ̀ bébà ní ẹ̀yìn kíláàsì sì ń sọ ìlà mẹ́fà nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Wáyà kékeré náà, tí kò gùn tó ìka ọwọ́, wà lórí tábìlì wa ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọ kan bá gbé ọwọ́ sókè láàárín àpèkọ, tí ó sì wí pé, "Ẹ dúró ná, sà," a máa ń wò ó, a ó sì dúró.